Irin Kékeré Lára Alùpùpù Bàbá Mi

Bí òórùn bẹntiróò àti irin gbígbóná bá gbá mi nímú lọ́dọ̀ àwọn mekáníìkì, ọ̀sán kan ní Iléṣà ni mo máa ń rántí.

Bàbá mi ní alùpùpù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan, onípísítìnì kan, tí ohùn rẹ̀ ń lu àyà ènìyàn gbì, gbì. Lọ́jọ́ náà, àbúrò ìyá mi, tí à ń pè ní Bọ̀dá Tíṣà, gun irú rẹ̀ tuntun dé láti Òṣogbo. Gbogbo àdúgbò yí i ká. Kò sẹ́ni tó wo ti bàbá mi mọ́.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, wá sítáàtì tèmi náà wò."

Mo rí i tó fi àtàǹpàkò ti irin kékeré kan síwájú lára ọwọ́ alùpùpù rẹ̀. Mo rò pé eruku ló ń nù. Kò sí irú irin bẹ́ẹ̀ lára ti tuntun.

Bọ̀dá Tíṣà fi gbogbo ara tẹ irin ìsítáàtì. Irin náà ta padà, mo sì gbọ́ tí nǹkan kán bí igi gbígbẹ. Ó ṣubú, ẹ̀jẹ̀ bo ìbọ̀sẹ̀ funfun rẹ̀.

"Ẹ má bínú, bọ̀dá mi," ló ń wí. "Mi ò mọ̀ ọ́n tẹ̀ ni."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé bí irin kékeré yẹn bá wà níwájú nígbà tí a bá ń sítáàtì, ẹ́ńjìnnì á ta irin ìsítáàtì padà lu ẹsẹ̀ ẹni tó tẹ̀ ẹ́.

Nírọ̀lẹ́, ìyá mi kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi pé ó tètè gbé àbúrò òun dé ọsibítù. Bàbá mi ní kó dìde, kó lọ gbé oúnjẹ wá.