Rìlífà Mi Kò Tíì Dé

Ègé ẹran mẹ́ta ló wà lókè ààrò ìyá mi l'Adó-Odò nígbà tí ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mi ò fi jẹ Iléyá nílé. Lọ́dọọdún, ìyá mi á gé ìpín tèmi lára àgbò, á yan án, á fi irin kọ́ ọ sókè iná. Bí mo bá wá lọ kí i lẹ́yìn ọdún, màá máa wò ó, itọ́ á máa dà lẹ́nu mi, kò sì ní fún mi. Ó ní ọjọ́ Iléyá là ń jẹ ẹran Iléyá, ẹnu tó bá máa jẹ ẹ́ ni kó gbé ara rẹ̀ wá. Èyí tó pẹ́ jù nínú wọn ti le débi pé ológbò ilé ti jáwọ́ lọ́rọ̀ rẹ̀.

Iṣẹ́ ni kì í jẹ́ kí n lọ. Iléeṣẹ́ kan l'Ọ́tà tí wọ́n ti ń ṣe ìdérí ìgò ni mo wà. Máṣíìnì ibẹ̀ kì í sùn, torí bó bá fi lè dákẹ́, ike á dì sí i nínú, ọ̀gá á sì dì mọ́ wa lọ́rùn. Èmi ni mò ń ṣe òwúrọ̀. Láago méjì ọ̀sán, sáírìn á dún, ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ mi á dé. Rìlífà là ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Òfin kan wà tí wọ́n máa ń kọ́ èèyàn lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ wọlé, kí wọ́n tó fi ilé ìtọ̀ hàn án pàápàá: o kò gbọdọ̀ fi máṣíìnì sílẹ̀ títí rìlífà rẹ á fi dé, tí á fọwọ́ kàn án.

Rìlífà tèmi, Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tó fi dá a. Sáírìn á dún, gbogbo èèyàn á ti máa bọ́ aṣọ iṣẹ́, èmi á ṣì dúró síbẹ̀ bí òpó iná. Ìgbà tó bá wù ú ni yóò rọra yọ, á ní gò-sílóò Ṣàngó, níbi tí ọkọ̀ kì í ti í rìn, ló dá òun dúró. Ẹ̀yìn ògiri iléeṣẹ́ wa gan-an ló ń gbé. Bó bá wúkọ́ nínú yàrá rẹ̀, a lè kí i pẹ̀lẹ́ láti ìdí máṣíìnì. Mo ti bínú, mo ti ṣépè kékeré, mo ti fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ẹ̀rín ló máa ń rín sí mi, eyín rẹ̀ á funfun báláú, ohun tó sì ń dùn mí jù ni pé n kì í lè bínú sí i pẹ́.

Lásìkò Iléyá, nínú àwa òwúrọ̀ àti àwọn ọ̀sán, apá kan ló ń lọ sílé, apá kejì á dúró láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Àwọn tó ń ṣe òru kò bá wa dá sí ìjà ẹni tó máa lọ, torí wọ́n á ti jẹ ẹran yó kí wọ́n tó wọṣẹ́. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì àárín wa náà kì í fẹ́ dúró, torí àwọn gan-an ni wọ́n ń jẹ ẹran Iléyá jù. Ìbò la máa ń dì, ọdún mẹ́ta léraléra ló sì bọ́ sí àwa òwúrọ̀ lọ́rùn. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, mo yarí. Mo ní màgòmágó ti wà nínú ìbò náà, mi ò dìbò mọ́.

Mánéjà wa ló wá mú ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ wá. Dókítà ti ní kó wá nǹkan ṣe sí ikùn rẹ̀, ó sì ti ra kẹ̀kẹ́ méjì, àwọn onítáyà gbàǹgbà tí wọ́n fi ń gun òkè. Òkè wo ló wà l'Ọ́tà? Ibi tó ga jù tí mo mọ̀ ni orí bíríìjì Ṣàngó. Ó ní inú igbó Ìgbẹ̀sà lòun ti ń gùn ún, níbi tí katakata ti wa yẹ̀pẹ̀ títí ilẹ̀ fi di òkè àti kòtò. Kí apá kọ̀ọ̀kan mú èèyàn mẹ́rin wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kí apá kọ̀ọ̀kan máa gba kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo lọ́wọ́ ara wọn láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Apá tó bá yí igbó náà po jù ló máa lọ sílé fún Iléyá. Ẹnì kan bèèrè bí a ó ṣe máa gba kẹ̀kẹ́ náà.

"Bí ẹ ṣe ń gba máṣíìnì náà ni," ni mánéjà wí. "Ibi yòówù kó wà, ẹni tó ń gùn ún kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ títí rìlífà rẹ̀ á fi fọwọ́ kàn án."

Àwa mẹ́rin la jáde fún òwúrọ̀. Bàbá tó ń wa fọ́kílíìtì tí wọ́n fi ń gbé ẹrù ni àgbà wa, ọkùnrin tí kì í kánjú fún ohunkóhun, tó sì ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó kan òrùlé ibẹ̀ tán. Ẹlẹ́tíríìkì wa wọ ṣòkòtò pénpé kan tó ń dán, ó ń sọ fún gbogbo ayé pé òun ti gun kẹ̀kẹ́ láti Agbára dé Badagry rí láìsinmi. Ẹ̀kẹta wa ni obìnrin kan tó ń di ìdérí sínú páálí, tí kì í sọ̀rọ̀, àmọ́ tí eré ẹsẹ̀ rẹ̀ ju ti gbogbo wa lọ. Èmi rèé nínú ṣòkòtò, búbá àti híjáàbù. Èmi tí mo fi kẹ̀kẹ́ ru ẹ̀gẹ́ láti oko l'Adó-Odò nígbà tí mo ṣì kéré, ta ló fẹ́ kọ́ mi? Rìlífà mi wà láàrin àwọn ọ̀sán. Bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ti fi í sílẹ̀, ọ̀kadà ló gbé e dé. Ó ní gò-sílóò Ṣàngó ni.

Ẹlẹ́tíríìkì wa ló kọ́kọ́ gùn ún fún wa. Nígbà tó máa padà dé, ńṣe ló ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀, ẹrẹ̀ ti bo ṣòkòtò tó ń dán. Ó ní ewúrẹ́ kan ló dábùú ọ̀nà. Nígbà tó kàn mí, mo rí ewúrẹ́ náà. Wọ́n so ó mọ́lẹ̀ sẹ́yìn ilé, ó ń jẹ ewé rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, okùn rẹ̀ kò sì lè dé ojú ọ̀nà láéláé.

Oòrùn mú, yẹ̀pẹ̀ pupa ń wọ̀ wá lójú. Àgbẹ̀ kan dúró pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́, ó bi mí pé ta ló ń lé mi. Mo ní ìyá mi ni. Irọ́ kọ́. Bí mo bá ń fi tipátipá gun òkè yẹ̀pẹ̀ yẹn, ègé ẹran mẹ́ta ni mò ń rí níwájú mi, pẹ̀lú ojú ìyá mi bó ṣe máa ń wo ọ̀nà lọ́jọ́ ọdún. Síbẹ̀, nígbà tó fi máa di ọ̀sán, àwọn ọ̀sán ti fi ìyípo kan jù wá lọ. Ẹ̀rù bà mí gidi.

Ó ku díẹ̀ kí aago méjì lù nígbà tí Bàbá gba kẹ̀kẹ́. Rìlífà mi náà ti gba tiwọn, àwọn méjèèjì sì wọ inú igbó lọ. Kò pẹ́ tí sáírìn iléeṣẹ́ tuntun kan lẹ́bàá igbó dún. A gbọ́ ọ, a ò kà á sí. A dúró, a dúró, Bàbá kò yọ. Rìlífà mi náà kò yọ. Àwọn èèyàn rẹ̀ ní ìwà rẹ̀ ni, pé ṣebí ìgbà wo ló tètè dé ibì kankan rí, wọ́n sì ń mu omi tútù wọn lọ. Ara tèmi ò gbà á. Mo rò pé Bàbá ti ṣubú sí kòtò, mo sì fẹsẹ̀ wọ igbó.

Abẹ́ igi máńgòrò ni mo bá wọn. Olúkúlùkù fi ọwọ́ kan di kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, wọ́n ń fi ọwọ́ kejì jẹ máńgòrò. Mo bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀. Bàbá wò mí bí ẹni tó bèèrè ọ̀rọ̀ tí ọmọdé mọ̀.

"Sáírìn ti dún," ni Bàbá wí. "Rìlífà là ń dúró dè."

Ti Bàbá yé mi. Sáírìn ti mọ́ ọn lára débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń gbọ́ ọ kí etí rẹ̀ tó gbọ́: bó bá ti dún, a dúró, a di ohun tó wà lọ́wọ́ wa mú. Ti rìlífà mi ló yà mí lẹ́nu. Ẹni tí sáírìn kò lè mú wọṣẹ́ láti ẹ̀yìn ògiri, òun náà ni sáírìn wá dá dúró nínú igbó Ìgbẹ̀sà.

Mo fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ Bàbá. Bàbá dìde, ó gbọn ìdí rẹ̀, ó kí mi pé mo kú iṣẹ́, ó sì ń lọ. Rìlífà mi náà fẹ́ dìde. Mo yíjú sí i.

"Níbo lò ń lọ? Ta ló fọwọ́ kan tìẹ?"

Ó wo kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó wo ojú ọ̀nà. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

"O mọ òfin," ni mo sọ fún un. "Fara balẹ̀. Rìlífà rẹ ń bọ̀. Bóyá gò-sílóò Ṣàngó ló dá a dúró."

Kò sóhun tó ní kó má gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹni tí sáírìn bá ti dá dúró, làákàyè rẹ̀ náà ti jókòó. Ó padà sídìí máńgòrò rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí kẹ̀kẹ́. Mo yí igbó po, mo tún yí i po, ìgbàkígbà tí mo bá sì kọjá níwájú rẹ̀, màá kí i pé ó kú ìdúró. Kí àwọn èèyàn rẹ̀ tó wá a kàn, a ti kọjá wọn jìnnà. Wọ́n pariwo títí, mánéjà ní òfin ni òfin. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ikùn tó torí rẹ̀ ra kẹ̀kẹ́ ń mì tìtì.

Lọ́jọ́ Iléyá, èmi àti ìyá mi jọ kírun ní Yídì Adó-Odò. A délé, ó já ègé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ó sè wọ́n, ó jókòó tì mí, ó ń wo ẹnu mi. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ dùn mí dójú ikú, àmọ́ mi ò jẹun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ń jẹ, mo ń sọ ìtàn kẹ̀kẹ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Lẹ́yìn náà ló bèèrè pé ta ló máa wá gbà á lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ lónìí. Mo ní kò sẹ́nì kankan, ó di alẹ́. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó dìde, ó di ẹran tútù sínú ọ̀rá, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Màámi, ọdún mẹ́ta ni mo fi wá èyí."

"O sì ti jẹ ẹ́. Mo ti rí ẹnu ọmọ mi. Dìde, kí sáírìn tó dún."

Inú bí mi. Mo kùn láti Adó-Odò dé Ọ̀tà. Rìlífà mi wà nídìí máṣíìnì, òógùn bò ó. Bó ṣe rí mi, tí aago méjì kò sì tíì lù, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ta ló kú?"

Mo ní kò sẹ́ni tó kú, kó máa lọ. Ó wò mí tìfuratìfura, ó ní kí n fọwọ́ kan máṣíìnì kí òun fojú òun rí i. Mo fọwọ́ kàn án. Ó wá sọ fún mi pé ìyá òun ti wá bá òun ṣọdún, ó wà nínú yàrá ẹ̀yìn ògiri, ìró máṣíìnì ọmọ rẹ̀ ló ń gbọ́ láti àárọ̀. Ó gba ẹran, ó sáré. Ó ní òun á padà gbà mí láago mẹ́fà.

Aago mẹ́fà lù, ó lù méje. Àwọn tó ń ṣe òru ló kọ́kọ́ dé. Ẹ̀yìn wọn ló ti yọ, ó gbé abọ́ tí wọ́n fi aṣọ bò dání, eyín rẹ̀ funfun báláú. Ó ní gò-sílóò Ṣàngó ni. Mo bú u dáadáa, mo sì gba abọ́ náà. Ẹran ìyá rẹ̀ rọ̀ ju ti ìyá mi lọ.