Òrí Tí Màmá Fi Pa Jìtá

Ìbàdàn ni ọkọ mi ti ń ṣe jìtá kí a tó kó ilé iṣẹ́ rẹ̀ wá sí Ṣakí, ìlú wọn, lọ́dún tí àwọn ológun ń múra àtigbé ìjọba fún olóṣèlú. Ojú ìyá rẹ̀ ló ń ṣókùnkùn, kò sì sẹ́ni tí yóò máa tọ́jú wọn. Èmi tí mo máa ń dán jìtá fún un ni mo bá a di pákó sínú ọkọ̀ akẹ́rù, mo sì kùn dé Ìsẹ́yìn. Ta ni yóò ra jìtá láàárín oko iṣu?

Àṣé wọn yóò rà á. Tíṣà ń rà á, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ń rà á. Ọyẹ́ ni kò gbà fún wa. Ọ̀rinrin Ìbàdàn ló ti mọ́ àwọn pákó wa lára. Bí ọyẹ́ Ṣakí ti fẹ́ lù wọ́n, wọ́n gbẹ, wọ́n súnkì. Jìtá tó wà jẹ́ẹ́ lára ògiri yóò dédé ké “kẹ́ẹ̀!”, àyà rẹ̀ á sì là gbọọrọ. Èyí tí kò là, ọrùn rẹ̀ á wọ́, ohùn rẹ̀ á máa han. Wọ́n ń dá a padà fún wa ṣáá.

Ọ̀rọ̀ kì í dúró nínú mi. Mo ní, “Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ ká padà sí Ìbàdàn kí wọ́n tó sọ wá lórúkọ burúkú níbí!” Ọkọ mi mí kanlẹ̀. Ó ní ó ku ẹyọ kan, èyí tí tíṣà kan fẹ́ fi ṣe ìgbéyàwó. Bí ìyẹn náà bá là, a ó padà. Mo ti ń di ẹrù. Màmá wà lórí ẹní, wọ́n ń gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, a ti ọjà dé, a bá Màmá tí wọ́n nasẹ̀, tí wọ́n gbé jìtá tíṣà lé itan, tí òrí ń ṣàn lọ́wọ́ wọn.

Mo figbe ta. “Yéè! Màmá, ẹ ti pa á!”

“Hẹn, mo pa á dáadáa, tinú tẹ̀yìn.” Wọ́n ṣebí òrí ni mo ń wí. “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ni kì í fi òrí para nígbà ọyẹ́? Ẹ fi ara igi sílẹ̀ funfun báláú!”

Ọkọ mi ta okùn rẹ̀. Ó dún bí ẹni tí ọ̀fìnkìn dí nímú. Pákó ti mu òrí yó, kò lè gbọ̀n mọ́.

Màmá ní, “Kò ní í là mọ́. Bí kò bá ti là, ẹ ò ní í lọ mọ́, àbí?”

Ìbínú mi kú síbẹ̀. Ọkọ mi, tí kì í purọ́ nípa jìtá, dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Ẹ ṣeun, Màmá. Ó ti dáa. Pákó ibí ni màá rà, ọyẹ́ ni yóò mú un gbẹ kí n tó gé e. Kó tó dìgbà náà, ilẹ̀kùn ni màá máa kàn. A ò lọ ibì kankan.”

Màmá na ọwọ́, wọ́n wá ojú mi kàn, wọ́n bá a tó tutù.

“Ṣé ò ń sunkún ni?”

Mo ní ọyẹ́ ni. Wọ́n ní kí n sún mọ́ wọn, wọ́n sì fi òrí tó kù lọ́wọ́ wọn pa mí lójú.