Ìlà Pupa Tí Mo Fà

Ẹ̀rù a máa bà mí kí n tó tan kọ̀ǹpútà láàárọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn. Ilé-iṣẹ́ wa ní Creek Road ló ń bá àwọn awakọ̀ tírélà gba àyè láti wọ èbúté Àpápá. Ọ̀gá wa fẹ́ yọ nọ́ńbà ìpè kúrò lójú ìwé wa orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí awakọ̀ kọ̀ọ̀kan máa gba àyè fúnra rẹ̀ níbẹ̀. Èmi ni mo ń dán an wò: ìdajì awakọ̀ ń rí nọ́ńbà, ìdajì ò rí i, a fẹ́ mọ ibi tí àwọn tó gba àyè ti pọ̀ jù. Bí èyí tí kò ní nọ́ńbà bá borí, wọn á ti yàrá ìpè pa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó tọ́ mi dàgbà ní Amukoko, ló ń dá ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá na ọrùn wo kọ̀ǹpútà mi. "Ó ti borí náà nìyẹn! Yọ nọ́ńbà yẹn jàre."

Mo yíjú sí i. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣe sùúrù. Fílááṣì làwọn awakọ̀ wa máa ń ṣe: fóònù á dún lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á gé e. Ìgbà tí yàrá ìpè bá pè wọ́n padà lọ́sàn-án ni tiwọn ń wọlé."

Mo ṣàlàyé pé èsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé a máa lọ sókè-sódò. Ẹni tó bá ń yọjú wò ó léraléra, tó ń wá ibi tí yóò ti dúró, yóò rí ọjọ́ tí yóò tàn án jẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fa ìlà pupa kan sórí àwòrán èsì ká tó bẹ̀rẹ̀. Ó ga nígbà tí èsì ò tíì pọ̀, ó sì ń wálẹ̀ bí èsì ti ń pọ̀ sí i. Ká máa wò ó nígbà tó bá wù wá. Bí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìdajì méjèèjì ò bá tíì kọjá ìlà, ká má dá a dúró. Bó bá kọjá, ó parí. Ọ̀gá pòṣé, ó ní òun gbà.

Láti ìgbà náà, ẹ̀gbọ́n mi náà ń yọjú. "Ó ti kọjá?" "Rárá, mà." Nígbà tí àwọn onífílááṣì wọlé, tí ìyàtọ̀ dín kù, ó ra bọ́ọ̀lì fún mi. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Mo mọ̀ pé ìlà yẹn ò mọ ẹ̀gbọ́n ẹni.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́yìn mi nígbà tí ìyàtọ̀ kọjá ìlà. Ojú ìwé tí kò ní nọ́ńbà ló borí.

"Àbúrò mi, abeg, jẹ́ ká dúró díẹ̀ sí i. Fílááṣì ṣì ń bọ̀."

Ohun tí mo sọ fún ọ̀gá gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ṣe fílááṣì ni ẹ̀gbọ́n mi ti pè padà. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Omi lé ròrò sí mi lójú.

"Lọ sọ fún un," ló wí.

Bí mo ṣe ń kan ilẹ̀kùn ọ̀gá, fóònù dún lẹ́ẹ̀kan péré lẹ́yìn mi. Mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń pe awakọ̀ náà padà.