Súìṣì Yàrá Mẹ́wàá

Mo máa ń fi ilé ìtura mi yangàn, ẹni tí kò bá dùn mọ́ nínú kó lọ kọ́ tiẹ̀. Yàrá mẹ́wàá ni, lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Ìkàrẹ́ lọ sí Ọ̀kà. Èmi àti ọkọ mi la fi owó iṣẹ́ olùkọ́ kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ kí ọlọ́jọ́ tó dé bá a. Nígbà tí àkọ́bí wa tó ń gbé Àbújá wá ní kí n tà á fún ọkùnrin kan tó fẹ́ máa kó sìmẹ́ńtì sí i, ṣe ni mo ju fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ọmọ náà kò kúkú jẹ̀bi. Òun ló ń fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù kí n lè ra iná sí mítà. Ohun tí àwọn àlejò bá san, iná àti epo jẹnẹrétọ̀ á gbé e mì káló. Òun náà ní ọmọ tó ń lọ sílé ìwé. Àdéhùn tá a jọ ṣe ni pé bí ọyẹ́ bá kásẹ̀ nílẹ̀ tí mo ṣì ń béèrè owó iná, a ó tà á. Mo gbà, ṣùgbọ́n ọkàn mi gbọgbẹ́.

Mítà ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Mo lọ bá àwọn oníná ní ọ́fíìsì wọn, mo wí títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kò ṣe nǹkan kan. Mo wá kọjú sí obìnrin ará Ògbàgì tó ti ń bá wa tọ́jú yàrá láti ìgbà ayé ọkọ mi. Mo ní òun ló ń fi iná mi lọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì gbogbo ilé wọn. Ó kàn mú ìgbálẹ̀, ó ń gbálẹ̀ lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi àti ẹ̀ jọ jókòó lẹ́yìnkùlé, à ń ṣa ẹ̀wà. Ó ti tó ọjọ́ méjì tí wọ́n ti mú iná lọ, kò sì sí àlejò kan ṣoṣo nílé. Lójijì, iná dé. Gbogbo ilé hó yèè: ẹ̀rọ amúlétutù yàrá mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, fáànù, tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná ní balùwẹ̀. Àní mo pàtẹ́wọ́! Obìnrin náà kò gbójú kúrò lára ẹ̀wà.

“Màmá,” ó ní, “ta ni wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí?”

Mo bi í pé kí ló dé tí kò pa wọ́n. Ó ní èmi ni mo sọ pé òun ò gbọdọ̀ pa súìṣì kankan.

Òótọ́ ni. Lọ́dọ̀ wa níbí, ta ní í pa súìṣì bí wọ́n bá mú iná lọ? Gílóòbù tá a fi sílẹ̀ ló ń sọ fún wa pé iná ti dé. Bá a ṣe ń ṣe é nílé bàbá mi l'Ọ̀kà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe kó o wọ ilé oníyàrá mẹ́wàá. Mo tún wá fi tèmi lé e: mo ní kí éésì wà ní títàn, kí àlejò tó bá já lù wá lè bá yàrá tó tutù. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Èmi tí mo fi ẹgba kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò! Ojú tì mí débi pé mi ò lè ṣa ẹ̀wà náà mọ́.

Mo dìde, mo wọ yàrá kọ̀ọ̀kan, mo fi ọwọ́ ara mi pa gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, mo bẹ obìnrin náà. Mo sọ ọ́ lẹ́nu ara mi pé mo parọ́ mọ́ ọn, kó foríjì mí. Ó ní òun ti gbà, kí n jókòó ká parí ẹ̀wà.

Láti ọjọ́ náà, gílóòbù kan ṣoṣo ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ la yàn láti máa sọ fún wa bí iná bá dé. Obìnrin náà ló ní ká kó ẹran àti mínírà inú fíríìsà méjì tá a ní pọ̀ sínú ẹyọ kan, torí kò sí èyí tó kún dé ìdajì. Àfi bí àlejò bá gba kọ́kọ́rọ́ ká tó tan éésì, àfi bó bá fẹ́ wẹ̀ ká tó mú omi gbóná. Àwọn kan kùn. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan láti Òkè-Àgbè fi ìbínú sọ pé yàrá òun móoru. Mo ṣí fèrèsé fún un, atẹ́gùn orí òkè sì wọlé. Nígbà tó ń lọ lówúrọ̀, ó ní bí òun bá tún wá, kí n fún òun ní bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí.

Ọyẹ́ lọ. Mi ò pe Àbújá láti béèrè owó iná. Oṣù kan kọjá, èkejì kọjá, ni ọmọ mi bá dé láìsọ tẹ́lẹ̀. Ó rò pé àìsàn ló dá mi gúnlẹ̀, tàbí pé àlejò ti tán pátá. Yàrá mẹ́jọ ló bá tó kún fún àwọn tó wá síbi ìsìnkú kan l'Àjọwá. Méjì tó ṣófo dákẹ́ rọ́rọ́. Ó wọ inú wọn, ó wò yíká, ó lọ wo mítà. Ó wá bá mi níbi tí mo jókòó sí.

“Mọ́mì, màá sọ fún ọkùnrin yẹn pé a ò tà á mọ́.”

“Ta ló ń tà á tẹ́lẹ̀?” ni mo bi í.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní kí n má bínú. Inú mi dùn débi pé omijé bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kó rí i. Mo ní kó dìde, kó lọ mú ọ̀kan nínú yàrá méjèèjì tó ṣófo yẹn, kó sì san owó rẹ̀ bíi gbogbo àlejò. Ó san án.