Rósárì Ìyá Mi Lára Ìbọn

Nígbà tí ọmọ mi obìnrin ní kí n yá òun ní rósárì, mo rò pé Ọlọ́run ti gbọ́ tèmi ni. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí kò ti bá mi lọ sí Mísà mọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, tí ọjọ́ Ìsinmi bá ti mọ́, á ní orí ń fọ́ òun. Nígbà tó yá, kò tilẹ̀ fi orí fífọ́ bojú mọ́. Èmi nìkan ni mò ń dúró de bọ́ọ̀sì ní Yarnton Way, ní London níbí, tòun ti gèlè, n ó dá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Plumstead, n ó sì dá bọ̀.

"Mummy, please, mo fẹ́ borrow rosary Grandma. Just two days."

Mi ò béèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ta ni í bi ọmọ léèrè pé kí lo fẹ́ fi rósárì ṣe? Omi ti lé ròrò sí mi lójú. Mo gbé e fún un, mo sì gbàdúrà lé e lórí títí ó fi ní òun máa pẹ́ dé ibi iṣẹ́.

Igi ni wọ́n fi ṣe rósárì náà, ọwọ́ ìyá mi ló jẹ́ kó máa dán. Ní kékeré, àwa ọmọdé àdúgbò máa ń pé jọ sí àgbàlá wa ní ìrọ̀lẹ́ láti kà á, ìyá mi a sì ṣáájú wa. Lọ́jọ́ kan, mo fà á já níbi tí mo ti ń bá ẹnì kan jà á gbà. Ìlẹ̀kẹ̀ kan yí wọ inú gọ́tà, a wá a tì. Mo ti ń retí pàṣán. Ṣùgbọ́n ìyá mi wọlé lọ, ó tú ìlẹ̀kẹ̀ búlúù kan nínú bèbè ìdí ara rẹ̀, ó sì sín in sí àyè èyí tó sọnù. Ó ní obìnrin ni Màríà náà, á yé e. Ọjọ́ tí mò ń bọ̀ ní London ló fi rósárì náà lé mi lọ́wọ́, n kò sì rí ìyá mi lóòyè mọ́.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo dìde láàárín ẹgbẹ́ àwọn ìyá, mo jẹ́rìí. Mo ní ọmọ mi ti fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè rósárì. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n kọrin, mo jó. Kí n má parọ́, mo fi ṣe fáàrí díẹ̀, torí àwọn kan wà níbẹ̀ tí ọmọ tiwọn náà ti fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Mo tún ní kí Fadá bá mi ṣe Mísà ìdúpẹ́ fún un.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe. Bàbá kan wà nítòsí Tavy Bridge tí kò lè dá dìde, ènìyàn méjì ló ń gbé e. Obìnrin kan tó jẹ́ ará ìjọ aláṣọ funfun la jọ ń lọ síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, bí a ṣe jáde níbẹ̀, ó na fóònù rẹ̀ sí mi.

"Auntie, ẹ wo nǹkan. Ṣé kì í ṣe irú èyí tẹ́ ẹ máa ń kà nínú bus nìyí?"

Ìbọn gígùn dúdú kan ni. Wọ́n ti wé rósárì mọ́ ọn lára, àgbélébùú sì ń fì nísàlẹ̀. Lẹ́nu ibi tí ìka ń fà kí ìbọn tó dún gan-an, ìlẹ̀kẹ̀ búlúù ìyá mi ló wà níbẹ̀.

Mo jókòó sórí ògiri kúkurú ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ìwé ìròyìn kan ló gbé àwòrán náà jáde, mo ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi rósárì sára ìbọn, tí wọ́n ń pe ìkórìíra ní ìgbàgbọ́. Mi ò ní irọ́ ni. Irú wọn wà, Ọlọ́run á sì bi wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ kò dúró lórí tiwọn. Kó tó kọ ọ́ tán, rósárì fúnra rẹ̀ ti di ohun tí èèyàn gbọ́dọ̀ máa fura sí tó bá rí i lọ́rùn ọmọ ẹlòmíràn. Kò sí nọ́ọ̀sì kankan níbẹ̀, kò sí arúgbó, kò sí ìyá tó ń kà á nínú bọ́ọ̀sì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Inú bí mi, mo dá fóònù rẹ̀ padà fún un.

"Ẹ má dá wọn lóhùn jàre," ni ọ̀rẹ́ mi wí. "Ọjọ́ wo ni wọn ò fi sutana tiwa ṣe wòlíì èké nínú film? Ẹ̀yin gan-an, Auntie, ẹ máa ń rẹ́rìn-ín."

Mo máa ń rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Mo ti rẹ́rìn-ín lójú rẹ̀ rí, nínú ilé rẹ̀, tí mo ń jẹ oúnjẹ rẹ̀. Mi ò lè sọ ẹni tó ni rósárì náà fún un.

Ọmọ mi ń ya fọ́tò fún ilé iṣẹ́ kan tó ń ta àwòrán fún àwọn oníwèé ìròyìn. Mo bá a nílé lọ́jọ́ náà, mo bi í léèrè.

"Mummy, calm down. Plastic ni gun yẹn. It's just a concept. Wọ́n fẹ́ rosary tó ti gbó, tó real."

"O parọ́ fún mi."

"Mi ò parọ́. You didn't ask! O kàn ń sunkún, o ń bless mi. How was I meant to tell you?"

Òótọ́ ló sọ, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Mo ní ká ní ìyá mi mọ̀ ni, ì bá jẹ́ kí ìlẹ̀kẹ̀ yẹn wà ní ìdí rẹ̀. Ọmọ mi dorí kodò. Mo ní kó lọ pa àwòrán náà rẹ́. Ó ní kò sí níkàáwọ́ òun mọ́, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè rà á lò. Ìyẹn ni pé bí wèrè kan bá yìnbọn lọ́la ní ìlú tí mi ò dé rí, wọ́n lè gbé ìlẹ̀kẹ̀ ìyá mi jáde.

Rósárì tó ní ọjọ́ méjì lòun fẹ́ lò, ìgbà náà ló tó dá a padà fún mi nínú ọ̀rá. Ó ní òun ti fi wipe nù ún dáadáa. Ó ń rùn bí ohun tí mo fi ń nu ìjókòó ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn arúgbó.

Mi ò lè wọ́gi lé Mísà ìdúpẹ́. Fadá ka orúkọ ọmọ mi lórí pẹpẹ, àwọn ìyá sì yíjú wá a káàkiri. Mo ní ó wà níbi iṣẹ́. Irọ́ kọ́.

Mo ṣì ń ka rósárì náà nílé ní ìrọ̀lẹ́, sókè ketekete bí ìyá mi ṣe kọ́ mi. Ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́wàá ló wà nínú ìdì kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti dé ìdì kẹta, tí ìka mi kan ìlẹ̀kẹ̀ búlúù yẹn, ìka náà á ká kò bí ẹni fẹ́ fa ìbọn. Nítorí náà, mo máa ń fò ó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń jáde lọ. Mo rò pé kò gbọ́ mi.

"Mummy, o fo ọ̀kan. Mẹ́sàn-án lo kà."

"Mo mọ̀," ni mo wí, mo sì bọ́ sórí èyí tó kàn.