Iná Àláájà Lójú Fèrèsé Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ wá gbọ́ ohun tí iná kan fojú mi rí ní Mushin!

Ọdún kẹta rèé tí èmi àti ọkọ mi ti ń retí ọmọ. Nǹkan oṣù mi kì í dé lásìkò. Á wá lóṣù yìí, á fo oṣù méjì. Ṣé ẹ mọ bó ṣe máa ń rí kéèyàn máa ka ọjọ́ lórí kàlẹ́ńdà, kó sì tún já sí òfo?

Dókítà kan ní Surulere, obìnrin bíi tèmi, ló ń ṣe àyẹ̀wò fún mi. Ló bá béèrè bí mo ṣe ń sùn. Oorun kẹ̀? Mo ní iná sólà ńlá tí Àláájà, ìyá onílé wa, gbé sára ògiri kọjú sí fèrèsé wa, yàrá wa sì máa ń mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ooru ò sì jẹ́ ká lè ta kọ́tìnì! Ó ní ìmọ́lẹ̀ òru lè da họ́mónù tó ń darí nǹkan oṣù rú. Òun ò fọwọ́ sọ̀yà pé iná yẹn ló fà á o, àmọ́ kí n jẹ́ kí yàrá mi ṣókùnkùn, kí n má sì pa àyẹ̀wò yòókù tì.

Ó wá ku kí n lọ bá Àláájà. Ṣé kí n wá sọ ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù fún ìyá onílé ni? Ká má rí i! Mo parọ́. Mo ní kòkòrò ni iná wọn ń kó wọlé fún wa. Lọ́jọ́ kejì, Àláájà gbé nẹ́ẹ̀tì tuntun wá fún wa! Mo tún padà lọ, mo ní iná náà kì í jẹ́ kí ọkọ mi sùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé mo ti gbàgbé olè tó fo fẹ́ǹsì wọlé lọ́jọ́sí ni. "Ìyàwó mi, ẹni tó bá mọ ìṣe òkùnkùn, kó má dá òṣùpá lóró!"

Mo kí wọn, mo padà sínú yàrá wa.

Nígbà tó yá, nǹkan oṣù mi tún fò. Mo ṣe àyẹ̀wò, kò sí oyún. Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Bí mo ṣe wà yẹn ni mo lọ kan ilẹ̀kùn Àláájà, mo kúnlẹ̀, mo tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀.

Àláájà fà mí dìde. "Ọdún mẹ́sàn-án lèmi náà fi wojú Ọlọ́run kí n tó bí àkọ́bí mi. O wá ń bá mi sọ̀rọ̀ kòkòrò!"

Kó tó di aago mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ náà, oníṣẹ́ iná ti gun àkàbà. Ó yí ojú iná náà sí géètì. Ọkàn Àláájà balẹ̀, èmi náà sì sùn!

Oṣù kẹrin rèé tí nǹkan oṣù mi ti ń dé lásìkò. Mi ò tíì lóyún o, a ṣì ń lọ rí dókítà. Ṣùgbọ́n inú mi dùn gan-an, mo dúpẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń dá ìrora yín gbé bíi tèmi, ẹ wá ẹni kan tẹ́ ẹ lè finú hàn. Ta ló gbọ́ ọ̀rọ̀ yín tó ràn yín lọ́wọ́ rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, mo fẹ́ kà á.

Ní tèmi, Àláájà ní gbogbo ìgbà táwọn bá kírun àsùbáà, táwọn bá ti dárúkọ àwọn ọmọ àwọn tán, orúkọ mi ló kàn.