Kòǹgó Ọwọ́ Òsì Àǹtí

Òórùn fóòmù tí a fi ọṣẹ dúdú fọ̀, tí kò rí oòrùn tó láti gbẹ, òórùn yẹn ni mo fi ń rántí Ìkọ̀lé lásìkò náà. Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́. Bí mo bá gbé fóòmù ti ògiri ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀, kí ọ̀sán tó pọ́n, ojú ọ̀run á ti ṣú, n ó tún sáré gbé e wọlé, omi á máa ro sí mi lẹ́sẹ̀. Àwọn ará àdúgbò á kí mi kú iṣẹ́ láti orí fẹ́ǹsì, wọ́n á sì yára gbójú kúrò. Ta ni kò mọ ohun tó fà á tí wọ́n fi ń fọ fóòmù lójoojúmọ́ nílé aláìsàn?

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló ni fóòmù náà. Àǹtí ni mo ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n kí n má parọ́ fún ọ, ọ̀rẹ́ mi, ìyá mi ni wọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí ìyá tó bí mi kú, Àǹtí ò sì tíì lo ọdún kan nílé wa gẹ́gẹ́ bí ìyàwó. Àwọn ni wọ́n ń gbé mi jókòó sáàárín ẹsẹ̀ wọn, tí wọ́n ń dirun fún mi, tí wọ́n á máa fi ooyà gbá mi lórí: "Ọkọ mi, jókòó jẹ́jẹ́." Ọmọ ilé ni mí, ìyàwó ilé ni wọ́n, bó ti wù kí inú bí wọn tó, wọn ò pe orúkọ mi rí.

Tíṣà ni wọ́n. Ohùn wọn nìkan tó láti kó gbogbo ọmọ iléèwé wọlé láti orí pápá. Ohùn yẹn ni àìsàn rọpárọsẹ̀ gbà lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sì mú ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n dá wọn sílẹ̀ ní ọsibítù ní Ìdó, mo ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi pa ní Ìfàkì, mo wọkọ̀ gba Ọ̀yẹ́ wá sí Ìkọ̀lé, mo ní èmi ni n ó tọ́jú wọn.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé Àǹtí ò lè pe ẹnikẹ́ni. "Ùn, ùn" nìkan ló ń jáde lẹ́nu wọn, kò sì ju etí bẹ́ẹ̀dì lọ. Èmi á wà ní kíṣìnì lẹ́yìn ilé, n ó máa fọṣọ tàbí kí n máa dáná. Kí n tó dé, nǹkan ti bàjẹ́. N ó bá wọn tí wọ́n kọjú sí ògiri, wọn ò sì ní wò mí títí n ó fi pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ra páńpáàsì àgbàlagbà wá. Ọwọ́ òsì tó kù fún wọn ni Àǹtí fi sọ ọ́ mọ́ ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá dá ọgbọ́n tiwọn: wọ́n panu mọ́ omi. Bí mo bá gbé ife dé ẹnu wọn, wọ́n á dijú, wọ́n á di eyín pa. Ẹni tí kò mu omi kò ní tọ̀, àbí? Kò pẹ́ tí ètè wọn fi ń bó. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò wọ́n fà mí sẹ́yìn ilé. "Mà, tí wọn ò bá mu omi kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ọsibítù la máa dá wọn padà sí, mi ò sì mọ̀ bóyá wọ́n á bọ̀." Hà!

Ọmọ wọn obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ lókè òkun, ti fi abọ́ idẹ kan ránṣẹ́ sí wọn. Ó ní abọ́ tó ń kọrin ni, pé wọ́n fi ń tu aláìsàn lára lọ́hùn-ún: èèyàn á lù ú jẹ́jẹ́, tàbí kó fi igi yí etí rẹ̀ ká títí yóò fi máa hùn. Mo ti gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo ní àwọn òyìnbó ò níṣẹ́ ṣe. Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì yẹn ló jẹ́ kí n gbójú sókè wò ó. Abọ́ náà jókòó sórí tìmùtìmù kékeré tiẹ̀, kò sídìí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti gbé e dání. Ẹni tó ní ọwọ́ kan lè lù ú. Mo pariwo, "Agogo rèé o!"

Kòǹgó rẹ̀ ló wá dá wàhálà sílẹ̀. Èyí tó bá abọ́ wá dán jù, ó ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ òsì tí kò ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Mo mú ọmọrogùn. Ó dún kó, bí ẹni kan igbá, kò dé ẹnu ọ̀nà. Mo mú ọmọ odó ata. Ó wúwo, ó já lé wọn nítan. Mo bá gbé abọ́ lọ sọ́dọ̀ bàbá káfíńtà kan ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, mo ní kí wọ́n fún mi ní igi tó máa pariwo. Wọ́n gé ìrókò fún mi. Nígbà tí mo fi lù ú létí Àǹtí, wọ́n ta gìrì, gbogbo ara wọn ń gbọ̀n. Mo fi ìbínú padà lọ. Bàbá náà rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ lo ní ariwo lo fẹ́. Báwo lọ́wọ́ ìyàwó yín ṣe tóbi tó?"

Mi ò mọ̀. Ọwọ́ tí mò ń wẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́! Ojú tì mí.

"Lọ ulé, kí o lọ wọ̀n ọ́n. Uṣẹ́ mi ni èyí tó kù."

Tépù ìránṣọ mi ni mo fi wọn ọwọ́ Àǹtí, ìka kọ̀ọ̀kan àti àtẹ́lẹwọ́. Bàbá gbẹ́ igi ọsàn: orí rẹ̀ sanra, ìdí rẹ̀ kò ju ṣúkù àgbàdo lọ, wọ́n sì gbẹ́ ojú ibi tí ìka á ti wọlé. Èmi ni mo rán ẹ̀wù fún un. Mo na báàgì awọ tí Àǹtí máa ń gbé lọ sí iléèwé sí wọn, mo ní ṣé kí n gé e, wọ́n mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo fi fóòmù tín-ín-rín sábẹ́ awọ, mo fọwọ́ rán an ní òwú méjì-méjì. Nígbà tí mo lù ú: wòòòn! Ohùn náà kún, kò gún ni létí, ó gba kọ́ríńdọ̀ kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi tó dúró sídìí kànga nawọ́ sókè pé òun gbọ́.

Mo ṣàlàyé fún Àǹtí: ẹ̀ẹ̀kan fún ìtọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì fún omi. Wọ́n gba kòǹgó, ó bá ọwọ́ wọn mu rẹ́gí, wọ́n sì gbé e lé àyà. Wọn ò lù ú lọ́jọ́ náà, wọn ò lù ú lọ́jọ́ kejì. Fóòmù tún tutù. Omi ò wọ ẹnu. Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu mi. "Àǹtí, ẹ lù ú náà! Ṣé ọmọ ọwọ́ ni yín ni?"

Mo sọ ọ́ tán, ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Wọ́n kàn kọjú sí ògiri ni. Mo jáde lọ bẹ iṣu, mò ń sunkún, mò ń bú ara mi.

Mi ò tíì bẹ iṣu kejì tán tí mo fi gbọ́ ọ. Wòòòn.

Mo ju ọ̀bẹ sílẹ̀, mo sáré wọlé, mo fa pó yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ fẹ́ tọ̀?" Wọ́n mi orí pé rárá. "Omi ni?" Rárá. "Àbí ẹ̀yìn ló ń dùn yín?" Wọ́n wò mí bí tíṣà ṣe ń wo ọmọ tó kùnà ìṣirò tó rọrùn. Wọ́n gbé kòǹgó sílẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ òsì lu etí bẹ́ẹ̀dì, pẹ́-pẹ́.

Mo jókòó, oje iṣu ṣì wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n dijú. Òjò ń rọ̀ sórí páànù. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, mo rọra dìde kí n padà sídìí iṣu. Wòòòn! Wọn ò tilẹ̀ lajú. Ẹ̀rín pa mí, ẹnu Àǹtí náà wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn náà ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú àwa méjèèjì. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi." Wọ́n nawọ́ sí ife tó wà lórí tábìlì. Wọ́n mu ún tán pátá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n lù ú lẹ́ẹ̀kan, mo sì dé lásìkò.

Àǹtí ti ń fi ọ̀pá rìn báyìí, ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ sì ti ń padà sí wọn lẹ́nu. Mi ò bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn ò fi lù ú fún ọjọ́ méjì yẹn, ṣùgbọ́n mo ti rò ó títí. Ẹni tó ti di ìdákẹ́ láti ọjọ́ yìí wá, kò fẹ́ kó jẹ́ pé ìtọ̀ ni òun máa fi kọ́kọ́ la ohùn pè mí. Èmi náà ẹ̀wẹ̀, láti ọjọ́ tí mo ti dé, mi ò fọwọ́ lásán wọ yàrá náà rí: bí kò bá jẹ́ pó, aṣọ ni, tàbí ṣíbí. Bí mo bá sì ti ṣe tán, mo ti jáde. Èmi tí mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, tí mo wọkọ̀ láti Ìfàkì, tí mo ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko nínú ilé wọn, ọjọ́ tí wọ́n fi kòǹgó pè mí jókòó yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kí wọn.